Gbóyèga àti Afinimọ̀nà Ghandruk

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Gbóyèga Akínrẹ̀mí jẹ́, ẹ fún un ní ẹ̀bùn. Kò ní kọ́kọ́ dúpẹ́. Yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, yóò mì ín létí bóyá nǹkan ń dún nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?" Ọkọ àbúrò mi ni. Oyíndà àbúrò mi ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ikú kò já okùn àna, èmi Ọlárónkẹ́ ṣì ni ẹ̀gbọ́n tó lè pe Gbóyèga jókòó kí n sì bá a wí. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lásán.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, àbí iṣẹ́ ọ̀hún ló mọ ẹni tó yàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú ní Mississauga. Ó lè wo òjìji lásán kó sọ fún yín pé èyí ẹja gbígbẹ, èyí ìgò epo pupa tí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé, èyí ọ̀bẹ. Ó máa ń sọ pé kò sí báàgì tí kò ní ohun tó ń pa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé e wálé. Ìfura loògùn àgbà, mo gbà. Ti Gbóyèga ti kọjá oògùn, ó ti di oúnjẹ òòjọ́.

Ẹni tó ń jẹ ìyà rẹ̀ jù ni Motúnráyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Oyíndà fi sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní àárín Toronto, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Etobicoke ló sì ń gbé. Ó ti mú ọkùnrin méjì wálé rí. Àkọ́kọ́ ni Tèmidire, apoògùn. Gbóyèga lé e nítorí pé ó da ojú fóònù rẹ̀ dé sórí tábìlì. "Kí ló ń bọ̀ lórí fóònù yẹn tí kò yẹ kí n rí?" Ìkejì ni Ọlámijùlọ, olùkọ́, ọmọ gidi tó mọ ènìyàn kí. Ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ ni pé winter tyres, táyà ìgbà òtútù, ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹfà. Gbóyèga ní ẹni tí kò ráyè pààrọ̀ táyà títí di oṣù kẹfà, ó ní ibòmíràn tó ń ná àkókò rẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Táyà ọkọ̀ lásánlàsàn ló ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí Motúnráyọ̀ wá bá mi nínú oṣù kẹwàá pé ẹnì kẹta ti dé, kò tilẹ̀ jókòó kó tó sọ tẹnu rẹ̀.

"Big Mummy, tí Daddy bá tún lé eléyìí, City Hall la máa lọ. Mi ò ní sọ fún wọn. Wọ́n á kàn rí òrùka lọ́wọ́ mi ni, mo sì máa kó ẹrù mi."

Ojú rẹ̀ gbẹ. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí ọmọ tó ń sunkún ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Mo rí i pé Gbóyèga tó ti sin ìyàwó ti fẹ́ pàdánù ọmọ náà, òun kò sì mọ̀.

Ọkùnrin náà ń jẹ́ Ṣíwọlá. Ilé iṣẹ́ iná nuclear tó wà nítòsí Bowmanville ló ti ń ṣe engineer, Bowmanville náà ló ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí Canada, Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàápàá kò pọ̀. Motúnráyọ̀ ní pálọ̀ bàbá òun ló ń pa àwọn ọkùnrin òun. Bí wọ́n bá ti fìdí kan àga yẹn báyìí, bàbá òun ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ kí a mú bàbá náà jáde, kó bá Ṣíwọlá rìn fún ọjọ́ mélòó kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jọ ń rìnrìn-àjò, kó mọ̀ ọ́n ní ènìyàn kó tó mọ̀ ọ́n ní àna. Motúnráyọ̀ àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ sí Nepal ní ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ àwọn òkè Himaláyà ni wọ́n ti rìn nígbà òtútù, níbi tí kò ga jù, tí snow kò dé, tí èémí kì í há ènìyàn láyà. Abúlé ni wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé ayé wọn. Ó ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ máa ń tú ènìyàn lẹ́nu. Mo ní, orúnkún mi ńkọ́? Ó ní àtẹ̀gùn díẹ̀ ni. Ọmọ náà purọ́ fún mi, àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Ọjọ́ tó sọ fún Gbóyèga pé òun ti sanwó fún àwa méjèèjì, Gbóyèga kò dúpẹ́, bí mo ṣe wí. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.

"Àǹtí mi, ta ló ń kúrò nínú òtútù, tó tún ń sanwó ọkọ̀ òfurufú lọ bá òtútù mìíràn? Ọkùnrin kan wà níbẹ̀."

Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú kan náà ni a jọ máa wọ̀. Mo ti búra fún Motúnráyọ̀ pé n kò ní sọ, mo sì gbé ìbúra náà mì bí ẹni gbé egbòogi kíkorò mì.

Ní pápákọ̀, Motúnráyọ̀ na ọwọ́ sí Ṣíwọlá, ó ní ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń lọ nìyí. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣíwọlá ní, "Good evening, sir," ó bọ bàbá náà lọ́wọ́ bí òyìnbó, kò dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀ sórí àga, ó ṣí i kalẹ̀ gbayawu, ó ń to àwọn nǹkan inú rẹ̀ sí ìta níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ẹrù wọn wò bí wọ́n bá ń wọlé, tí wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n bá ń jáde, ó ti mọ́ ọn lára. Gbóyèga dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀. Ó yọ́ sọ fún mi pé, "Eléyìí ò ní nǹkan tó ń pa mọ́." Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká pẹ́ láyé.

A fi ọjọ́ méjì wo ìlú Kathmandu. Wọ́n mú wa lọ sí ibi ìjọsìn kan tó rí rìbìtì, funfun, tí wọ́n ya ojú ńláńlá sí òkè rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ojú náà ń wo ayé láì ṣẹ́jú. Gbóyèga rìn yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí a máa lọ, ibi yẹn kò bá òun lára mu. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ Gbóyèga nìyẹn.

Ìlú Pokhara ni a ti pàdé afinimọ̀nà wa. Tek ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Gurung, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, tí ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó rí Motúnráyọ̀ láti òkèèrè, ó kígbe pé, "Motún! You came back!" Òun ló fi wọ́n mọ̀nà ní ọdún tó kọjá. Ojú Gbóyèga yí padà lójú ẹsẹ̀.

"Báwo ló ṣe mọ orúkọ ọmọ mi?"

"Òun ni guide wọn ní èṣín," mo ní.

"Guide." Ó tún un sọ bí ẹni tó rí nǹkan dúdú nínú àpò ẹlòmíràn.

Láti ìgbà yẹn lọ, kò wo òkè mọ́. Òkè funfun gìrìwò wà níwájú wa, oòrùn ń kùn ún ní pupa láàárọ̀, àwọn àsíá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ márùn-ún ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí afárá, gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò. Gbóyèga ń wo ọwọ́ Tek. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó rí, torí pé kì í ṣe wèrè. Bí Tek bá fẹ́ fún un ní omi, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fún un, yóò sì fi ọwọ́ òsì gbá ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún náà mú, yóò tẹrí ba díẹ̀. Bí Gbóyèga bá wọlé, Tek á dìde. Tek kì í jẹun títí a ó fi jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe ọbẹ̀ níbẹ̀ tán. Ó gba báàgì Gbóyèga lé tirẹ̀. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe sí gbogbo àgbà nìyẹn, mo rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà tiwọn náà. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni Gbóyèga ti lò ní Toronto, níbi tí àwọn ọmọ ń pe àgbà ní orúkọ, tí wọ́n ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì kí arúgbó máa dúró. Níbẹ̀, irú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì fún bàbá ẹni ní nǹkan: ẹni tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀.

"Àna ló ń ṣe," ó sọ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a rìn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ó ti kọ́ ọ. Motúnráyọ̀ ló kọ́ ọ."

"Gbóyèga, ọmọlúwàbí ni wọ́n ń pe ìyẹn."

"Ọmọlúwàbí wo? Kò sẹ́ni tó ń ṣe ọmọlúwàbí lásán."

Ó yẹ kí n sọ fún un ní alẹ́ yẹn. Mo mọ̀ báyìí.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀nà tóóró kan ni a ń gbà, ilẹ̀ jìn lápá òsì wa. A gbọ́ agogo, àwọn ìbaaka tó ru ẹrù ń bọ̀ láti òkè, Tek sì ní kí a fara mọ́ ògiri kí wọ́n kọjá. Tek àti Motúnráyọ̀ wà níwájú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú orúnkún mi. Gbóyèga wà láàárín, ó fa Ṣíwọlá mọ́ra. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kàndínlógún bá ariwo ẹ̀rọ jà kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sí ohun tó sọ tí n kò gbọ́.

"Engineer, you are a sensible person. Bá mi ṣọ́ Tek yẹn. Ohun tó bá ti sọ fún ọmọ mi, wá sọ fún mi."

"Sir, I think he's just being nice."

"Nice! Ìwọ ọmọ yìí, má jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́ jẹ o."

Ìbaaka tó gbẹ̀yìn kọjá. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lẹ́yìn bí ogún àtẹ̀gùn, Ṣíwọlá béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì dúró dáadáa, pé, "What if it's a good man, sir? Whoever it is?"

Gbóyèga gun àtẹ̀gùn méjì sí i. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò fi ìbínú sọ ọ́.

"I will tell you something, kó má kúrò lẹ́nu rẹ. Kò sí èyí tí màá gbà. Àwọn méjì tó wá, good boys ni wọ́n. Mo mọ̀. Mo wá nǹkan sí wọn lára títí mo fi rí i. Bí kò bá sí nǹkan, màá fi síbẹ̀. Tí ọmọ yẹn bá lọ, èmi nìkan ló kù nínú ilé yẹn. You understand me?"

Ṣíwọlá dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò, n kò rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Yes, sir. I understand." Gbóyèga gbá a léjìká, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ẹni tó ń yẹ ẹrù gbogbo ayé wò ti kó ẹrù tirẹ̀ lé ẹni tí kò yẹ kó gbé e lé lọ́wọ́.

Inú mi bà jẹ́ gidigidi. Mo bínú sí i nítorí táyà Ọlámijùlọ, mo sì tún ṣàánú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ibi tí a sùn ní alẹ́ yẹn, mo ń wo Ṣíwọlá bóyá yóò lọ bá Motúnráyọ̀. Ó jẹun, ó fọ ẹsẹ̀, ó lọ sùn. Èmi náà ti ń fura báyìí. Nǹkan náà ń ràn.

Ọjọ́ kẹta la dé Ghandruk, abúlé Tek, ilé olókùúta tó tò sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ọjọ́ ọdún tuntun àwọn Gurung ni, ìparí oṣù Kejìlá tiwa, àwọn ènìyàn wọ aṣọ tó dára, orin wà níbi gbogbo. Tek ní ìyá òun ní kí gbogbo wa wá jẹun nílé. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí tó wọ Gbóyèga lára bí abẹ́rẹ́.

A dé ọ̀hún, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó lápá kan, àwọn obìnrin lápá kejì. Wọ́n fi wá sí àárín. Oúnjẹ wà níwájú, àwo kékeré kan wà tí ìrẹsì tí wọ́n fi ohun pupa pò wà nínú rẹ̀, àti òdòdó aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá Tek, arúgbó kúkúrú tó ní òrùka wúrà nímú, rántí Motúnráyọ̀ láti èṣín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi òdòdó náà sí i lọ́rùn, ó lẹ ìrẹsì pupa mọ́ ọn níwájú orí, ó gbé ṣọ́ọ̀lù kan lé e léjìká, ó ń súre. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ẹ fi ojú bàbá Yorùbá wò ó. Ìdílé kan jókòó ní ìhà méjì, oúnjẹ wà nílẹ̀, wọ́n ń da aṣọ bo ọmọ rẹ̀, ìyá ọkùnrin ń súre, ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn níbi tí wọ́n ti bí wa?

Gbóyèga fò dìde.

"Mi ò gbà! I object!" Orin dákẹ́. "Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lẹ fi ń tàn mí wá sí orí òkè? Where is the letter? Àwọn ẹbí mi dà? Tek, you will not marry my daughter. Not you, not today, not ever!"

Ó na ọwọ́, ó fa òdòdó náà kúrò lọ́rùn Motúnráyọ̀, òwú rẹ̀ já, gbogbo rẹ̀ fọ́n sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó.

Tek ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí, obìnrin kan jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù tíì lọ́wọ́, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré kan di aṣọ rẹ̀ mú.

"Sir," Tek ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "this is my wife."

Ìyá rẹ̀ ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Tek sọ ọ́ fún un ní èdè wọn, ìyá náà bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, àwọn àgbà yòókù náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n kò bínú, kí Ọlọ́run bù kún wọn. Motúnráyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ gbẹ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i ní oṣù kẹwàá. Mo mọ̀ pé City Hall ló ń rò.

Gbóyèga bẹ Tek, ó bẹ ìyá rẹ̀, ó wá jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé lẹ́bàá ògiri òkúta. Àwa mẹ́ta tẹ̀lé e. Ṣíwọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Sir, it's me. Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ Motúnráyọ̀."

N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Gbóyèga wo Ṣíwọlá, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi, ó sì rí i pé gbogbo wa la mọ̀. Ohùn rẹ̀ já wálẹ̀.

"O ti sọ fún un. Ohun tí mo sọ fún ẹ lọ́nà àná. Gbogbo yín ti jókòó, ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín."

"No, sir. I didn't."

"Sọ kí ni?" Motúnráyọ̀ yíjú sí Ṣíwọlá. "What did he tell you?"

Ṣíwọlá mi orí. "It's your dad's to tell. Bi wọ́n."

Ọkùnrin yìí lè jèrè ìyàwó ní ìṣẹ́jú kan bó bá sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lò ó. Ahọ́n ń yún mi, èmi tí mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi dé. Gbóyèga ń wo Ṣíwọlá fún ìgbà pípẹ́, ó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà lójú rẹ̀, mo sì rí ìgbà tí kò rí i mọ́.

"Motúnráyọ̀," ó ní, "Tèmidire ò ṣe nǹkan kan. Ọlámijùlọ náà ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, tí mo bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ni mo tó lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ò ní gbọ́ ọ mọ́."

Ẹkún tí ọmọ náà kò sun láti oṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Daddy, ọdún mẹ́rin. All this time, mo rò pé èmi gan-an ni ẹ kò gbà gbọ́. Mo rò pé ẹ rí nǹkan kan lára mi."

Gbóyèga la ẹnu, kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀, kò sí àwáwí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Dárí jì mí," ó ní, bàbá ọlọ́dún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lójú ọkùnrin tó fẹ́ gbé e níyàwó, tí òun kò sì ní lé mọ́.